Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Ilé: Ìmúra Ìrìn-àjò Ìsinmi sí Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Láti ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò ti ń dáwọ́ dúró ni ìwé ti ń dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀ràn kan náà. Baba ilé kan ní Ìfọ̀n ni ó kọ èyí tí ó gùn jùlọ nínú wọn. Ó ní òun ń fẹ́ kó aya òun, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá òun tí ó ti dàgbà lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fún ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn Kérésìmesì, kí àwọn ọmọ lè fi ojú rí òkun, kí ìyá sì lè dé Kétu tí ó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré. Awakọ̀ kan ti sọ fún un pé owó tí a bá ná lórí pásípọ́ọ̀tù, owó àṣedànù ni. Pé òun mọ ọ̀nà tí à ń gbà, àti pé bí olúkúlùkù bá ti fi nǹkan díẹ̀ sílẹ̀, ìlẹ̀kùn bodè yóò ṣí. Ó bèèrè lọ́wọ́ wa bí òótọ́ ni.

Kí a tó dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lórí orúkọ ilẹ̀ náà. Ẹni tí ń gbé Ìfọ̀n tàbí Ìdóàní, bí a bá pe Benin sí i létí, ìlú Ọba Ìbíní tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ, kò sì jẹ̀bi, nítorí láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń bá wọn ná ọjà. Ilẹ̀ tí à ń wí yìí yàtọ̀. Dahomey ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 1975, nígbà tí ìjọba rẹ̀ yí orúkọ padà, tí wọ́n sì mú orúkọ tuntun láti ara apá òkun tí ó wà níwájú wọn, èyí tí àwọn Òyìnbó ti ń fi Ìbíní pè láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ni wọ́n fa ìlà sáàrin ilẹ̀ ní ọdún 1889, tí Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ fi bọ́ sí ọwọ́ Faransé, tí àwa sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà náà ni a ń pè ní bodè lónìí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ awakọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ náà ni ó sì mú kí ó léwu. Ìwé àdéhùn tí àwọn ìjọba ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar ní oṣù karùn-ún ọdún 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ tó 90 ọjọ́. Ibi tí awakọ̀ ka ìwé náà dé nìyẹn. Àdéhùn kan náà sọ pé ẹni tí ó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, kí ó ní ìwé ìlera tí gbogbo ayé mọ̀, kí ó sì gba ẹnu bodè tí ìjọba là sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀. Àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé dání. Ẹ sì rántí pé Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a ń sọ nípa Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà ni yóò rí bákan náà lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá lóru. Ní ọjọ́ kẹta, àárẹ̀ mú ìyá àgbà ní Kútọnu. Tàbí ọkọ̀ kọlu ọkọ̀, tí baba sì dákú. Ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ Ìfọ̀n ni wọ́n? Kò sí òǹtẹ̀ nínú ìwé kankan, kò sí orúkọ wọn nínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ó wọlé, èdè Faransé ni nọ́ọ̀sì ń sọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ dé ilé aṣojú ìjọba wa tí ó wà ní ìlú náà, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè ni ẹ̀rí pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ohun mìíràn tún wà tí ó ń bani lẹ́rù ju èyí lọ. Ojú ọ̀nà ẹ̀bùrú kan náà ni àwọn tí ń ta ọmọ ènìyàn ń tọ̀. Àwa tí a bá Ẹdó pààlà ti gbọ́ ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí a fi iṣẹ́ tàn kúrò nílé, ìjọba wa sì dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003 nítorí irú òwò yìí. Bí òṣìṣẹ́ bodè bá rí ọmọ ọdún mẹ́jọ láìsí ìwé, láàrin àwọn àgbà tí kò lè fi hàn pé àwọn ni wọ́n bí i, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dá wọn dúró, a kò sì ní bá a wí.

Nítorí náà, kí baba ilé wa ní Ìfọ̀n ká àbá awakọ̀ yẹn kò, kí ó sì dojú kọ Akúrẹ́, níbi tí ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ wa wà. Kí ó má ṣe dúró di oṣù Kejìlá. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iye tí ìjọba kéde fún ìwé olójú-ewé 32 tí ń lo ọdún 5 ni ₦100,000, ti olójú-ewé 64 tí ń lo ọdún 10 sì jẹ́ ₦200,000. Fún ènìyàn mẹ́fà, owó kékeré kọ́ ni. A mọ̀ pé iye iṣu àti obì tí àgbẹ̀ yóò tà kí ó tó rí i kó jọ kì í ṣe díẹ̀. Bí kò bá sí owó tó fún gbogbo ènìyàn lọ́dún yìí, ó sàn kí àwọn méjì lọ pẹ̀lú ìwé, tàbí kí ìrìn-àjò di ọdún tí ń bọ̀, ju kí àwọn mẹ́fà lọ láìní ìwé. Orí ẹ̀rọ ni a ti ń kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ tí a sì ń san owó. Ẹ má ṣe fi owó náà lé ọwọ́ ẹni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí ó ń dá àwọn ènìyàn wa padà jùlọ ni orúkọ. Láìsí nọ́ḿbà NIN, a kò ní gba ìwé ẹnikẹ́ni wọlé, orúkọ tí ó wà lórí NIN sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìbí mu, létà sí létà. Ẹ wo bí ó ti ń rí nínú ilé onígbàgbọ́. Orúkọ ìrìbọmi ni wọ́n fi kọ ọmọ sí ìwé ilé ẹ̀kọ́, orúkọ tí ìyá àgbà sọ ọ́ ni ó wà nínú ìwé ìbí, èyí tí wọ́n fi ń pè é nílé ni akọ̀wé sì kọ sí NIN. Aya ilé náà ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ níbì kan, ó ń jẹ́ ti ọkọ níbòmíràn. Gbogbo wa mọ̀ pé ènìyàn kan náà ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀. Kí ìyá tàbí baba fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kó gbogbo ìwé ilé jọ sórí tábìlì, kí ó tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì ṣe àtúnṣe èyí tí ó yẹ kí ó tó yá owó ọkọ̀ lọ sí Akúrẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò ní ìwé tirẹ̀, àwọn òbí yóò sì kọ lẹ́tà pé àwọn fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá àgbà ni yóò mú ọmọ rìn, kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ ìyá àti baba bá wọn lọ.

Ìwé ìlera ni ó kàn. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ni àbẹ́rẹ́ rẹ̀ pọn dandan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni à ń gbà á. Láti oṣù keje ọdún 2016 ni gbogbo ayé ti fohùn ṣọ̀kan pé ìwé rẹ̀ tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni ìwé náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í ní agbára, nítorí náà ẹni tí ó gba àbẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Kérésìmesì tí ó sì fẹ́ kọjá ní ọjọ́ kejì kò tíì múra. Àwọn ọmọ wa ń gbà á nígbà tí wọ́n bá pé oṣù mẹ́sàn-án, àmọ́ káàdì ilé ìwòsàn ọmọdé kì í ṣe ìwé aláwọ̀ ìyeyè tí wọn yóò bèèrè ní bodè. Ìyá àgbà tí ó ti kọjá ọgọ́ta ọdún, kí dókítà rí i ná. Bí kò bá yẹ kí ó gbà á, dókítà yóò kọ ìwé tí yóò sọ ìdí rẹ̀. Ìwé tí a ń tà ní gáréèjì bí ẹni ń ta ẹ̀pà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ti ń tẹ irú èyí tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò.

Ọ̀ràn kan wà tí ó jẹ́ ti ẹkùn wa gan-an, a kò sì rí i nínú ìwé ìmọ̀ràn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń tẹ̀ níbòmíràn. Ibà Lassa ni. Kò sí ilé ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ọ̀sẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa méjèèjì wà lára ibi tí ó ti ń pọ̀ jùlọ ní ìpínlẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì di ibi tí a ń gbé àwọn aláìsàn rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá lọ, ni ó máa ń gbóná jù, àkókò kan náà tí a ń lọ ìsinmi. Ó lè fara pamọ́ sínú ara tó ọjọ́ mọ́kànlélógún, bí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, ó jọ ibà lásán. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú ilé bá gbóná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, tí egbòogi ibà kò sì tètè ràn án, ẹ má ṣe gbé e wọ ọkọ̀. Ẹ gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀ fún àyẹ̀wò. Oògùn wà, àkókò tí ó tètè dé ni ó sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pàápàá ti rí àìsàn yìí ní ọdún 2014, 2016 àti 2018, àwọn nọ́ọ̀sì wọn sì ń fojú sílẹ̀. Gààrí tí ẹ óò dì dání, inú agolo tí ó ní ìdérí ni kí ó wà láti ilé, kí eku má ti tọ́ ọ wò ṣáájú yín.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ sun Èkó mọ́jú, kí ẹ sì gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀ ní òwúrọ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni àwọn ìjọba méjèèjì ti ṣí ilé iṣẹ́ bodè kan níbẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ ń lò. Ẹ gba òǹtẹ̀ ìjáde lọ́wọ́ tiwa, ẹ gba òǹtẹ̀ ìwọlé lọ́wọ́ tiwọn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sí i kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì. Sẹ́fà ni owó wọn. Ẹ ka owó tí ẹ bá ṣẹ́ níṣojú ẹni tí ó ṣẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣe ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba káàdì adójútòfò ECOWAS tí a ń pè ní Brown Card, pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ àti ti ìwakọ̀. Agogo wọn àti tiwa bára mu. Ẹni tí ó bá kọjá sí Tógò ni yóò dá tirẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan.

Kí ni ẹ óò rí? Àjàṣẹ́ sún mọ́ bodè, ẹ ó sì gbọ́ Yorùbá níbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ó ti Brazil padà dé kọ́, ẹni tí kò bá bèèrè yóò pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ouidah, ẹ lè fi ẹsẹ̀ tọ ọ̀nà tí a mú àwọn ẹrú gbà dé etí òkun, níbi tí ẹnu ọ̀nà àìpadàbọ̀ dúró sí. Kí àwọn ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá bá yín lọ, kí ẹ sì sọ ìtàn náà fún wọn. Ní Kétu, ẹ má ṣe padà láìrí Àkàbà Ìdènà, ẹnu bodè ìlú àtijọ́ tí ogun Dahomey kò lè pa rẹ́ bí ó tilẹ̀ jó ìlú náà ní ọdún 1886. Bí ìyá àgbà bá sọ èdè Ọ̀wọ̀ jíjinlẹ̀ sí wọn, wọn yóò rẹ́rìn-ín, òun náà yóò sì rẹ́rìn-ín sí tiwọn. Ọgbà ẹranko Pendjari ní àríwá lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe débẹ̀: wọ́n jí àlejò méjì gbé níbẹ̀ ní ọdún 2019 tí wọ́n sì pa afinimọ̀nà wọn, àwọn agbébọn sì ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ní agbègbè náà ní ọdún 2025.

Ní ti òkun, odò Ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọmọ wa mọ̀. Omi etí Kútọnu ń fa ènìyàn láti ìsàlẹ̀, àní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé e. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ìgbì ní ẹ̀bá rẹ̀ nígbà tí àgbà di ọwọ́ wọn mú, ó tó.

Nígbà tí ẹ bá padà dé, bí ibà bá kọlu ẹnikẹ́ni láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti rìn, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ sùn. Ẹni tí ó kọ̀wé sí wa láti Ùsò nípa ilẹ̀ Gánà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ó kàn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.