Ọ̀rá Pápá Ẹ̀yìn Ọjà

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Àwọn aládùúgbò ní àwọn ọmọ tó ń fi bàtà onítáyà sáré ní pápá ẹ̀yìn ọjà kì í jẹ́ kí àwọn sùn, ìdọ̀tí sì kún ibẹ̀. Òótọ́ ni.

Ti ariwo, ẹ jẹ́ ká bá àwọn ọmọ sọ ọ́: tó bá ti di aago méje alẹ́, kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ má jẹ́ ká lé wọn, ọmọ wa ni wọ́n.

Ti ìdọ̀tí ńkọ́? Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ti bisikíìtì, ṣebí inú ọjà wa ló ti jáde! Lóṣù November 2023, ìjọba Èkó ti ọjà Mile 12 pa nítorí ìdọ̀tí. Tòmátì kì í sì í dúró de ìjọba.

Kí gbogbo ẹni tó ń ta omi gbé agbọ̀n ìdalẹ̀sí síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń jèrè ni kó gbálẹ̀. Ajé á wọ igbá wa o.