Kí Orúkọ Tó Dé Orí Ìwé Ìdìbò: Ta Ló Ń Yan Olùdíje fún Wa?

Ẹ̀yin ará wa ní Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ọjọ́ ìdìbò gbogbogbòò ni a ń yan ààrẹ. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó dé, àwọn kan ti ṣa orúkọ tí a máa tẹ̀ka fún. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ APC lóṣù kẹfà ọdún 2022.

Ní ọjọ́ kejì oṣù náà, Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú sọ ní Abẹ́òkúta pé òun ló kàn. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn gómìnà APC kan láti Òkè Ọya ní kí ipò náà lọ sí gúúsù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹfà, alága ẹgbẹ́, Abdullahi Adamu, dárúkọ Sẹ́nétọ̀ Ahmad Lawan, ọmọ Yobe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹgbẹ́ fẹnu kò lé lórí. Àwọn gómìnà náà yarí, Ààrẹ Buhari sì ní òun kò fa ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò àti Rotimi Amaechi náà ń bẹ nínú ìdíje. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà.

Òfin ìdìbò ọdún 2022 ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ alága fìdí múlẹ̀. Lábẹ́ òfin náà, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fẹnu kò lórí ẹnì kan, gbogbo olùdíje yòókù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn gbà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdìbò ni. Àwọn aṣojú tí wọ́n yàn fún ìpàdé náà nìkan ló sì dìbò: mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 2,322 lápapọ̀.

Tinúbú ní ìbò 1,271, Amaechi 316, Ọ̀ṣínbàjò 235, Lawan 152.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wálé. Ìdèrè àti Igbó-Ọrà jọ wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan ni. Aṣojú mẹ́ta péré ló kàn wá nígbà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ìbàràpá kò ju mẹ́sàn-án lọ. Mílíọ̀nù 100 náírà ni fọ́ọ̀mù olùdíje APC ní ọdún 2022, tálákà kò lè dé ibẹ̀. Bí àwọn tó ń yan ènìyàn bá sì kéré báyìí, ẹni tó bá fẹ́ fowó ra ìbò kò ní rìn jìnnà. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣépè fún ẹni tó fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹni tó gbà á. Amánà ni ìbò aṣojú.

Nígbà tí Tinúbú mú Kashim Shettima ní ọjọ́ 10 oṣù keje, ariyànjiyàn gba ìgboro kan lórí Mùsùlùmí méjì. Àwọn kan dunnú, inú ń bí àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìdìbò abẹ́nú ti kọjá ní oṣù kan ṣáájú.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ yòówù tó bá wù yín, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù yín, ọkùnrin àti obìnrin, àgbà àti ọ̀dọ́. Ẹ lọ sí ìpàdé. Ẹ béèrè bí ẹgbẹ́ yín ṣe máa yan olùdíje, kí ẹ sì kópa níbẹ̀. Ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ kò lè sọ bí iyọ̀ yóò ṣe pọ̀ tó.

Kí Ọlọ́hun fi ẹni tí yóò pa amánà mọ́ ṣe olórí wa. Àmín.