Ọkọ̀ Ogun Tí A Kò Lè Tún Ṣe, A Kò Tíì Ní I

"Kí ló kan ará Mowe kan ọkọ̀ ogun ojú omi?"

Bàbá àgbà kan ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní Ibafo, níbi tí gbogbo wa ti ń retí bọ́ọ̀sì Èkó. Ìwé ìròyìn wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti ń fi ohùn rara ráhùn pé a kàn ń ra ọkọ̀ ogun lókè òkun ṣáá ni. Bàbá wo omi òjò tó kún ojú títì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, omi tí a ní nílùú tiwa nìyí. Jẹ́ kí àwọn ará etí òkun máa bá tiwọn yí."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ó kàn wá ju bí ẹ ti rò lọ." Ibi tí mo bá a dé nìyẹn tí bọ́ọ̀sì fi dé, tí kálukú ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ìdáhùn tí n kò ráyè fún bàbá náà ni mo jókòó kọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjà tiwa. Ẹ́ńjìnnì tókùnbọ̀, aṣọ, ẹja dídì, oògùn: orí omi ni púpọ̀ nínú wọn gbà dé Apápá kí wọ́n tó dé Mowe àti Ifọ. Bí àwọn olè ojú omi bá ń dá ọkọ̀ lọ́nà, àwa la ó san án nígbà tí a bá dé ìsọ̀. Epo rọ̀bì tí ìjọba ń tà kó tó rówó ná, orí omi náà ló ń gbà lọ. Àwọn nẹ́fì ló yẹ kó ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bàjẹ́ sí èbúté kò lè ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn òyìnbó ti mọ àṣírí yìí tipẹ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pàṣẹ lórí òkun, kì í ṣe ìbọn nìkan ló fi pàṣẹ. Ó kọ́ àgbẹ̀dẹ ọkọ̀ ogun, tí wọ́n ń pè ní dọ́kìyáàdì, sí ẹ̀yìn odi káàkiri: Gibraltar, Malta, Bermuda, Singapore, àti Simon's Town ní Gúúsù Áfíríkà. Ọkọ̀ ogun kò lè máa sá padà wálé láti ìpẹ̀kun ayé ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá kọṣẹ́. Ẹni tó ní ibi tí yóò ti tún ọkọ̀ ṣe nítòsí, òun ló ni òkun ibẹ̀.

Ní ọdún 1982, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ajẹntínà ń jà lórí erékùṣù Falkland, Gẹ̀ẹ́sì gbé Uganda, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé rìnrìn àjò, wọ dọ́kìyáàdì Gibraltar. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti sọ ọ́ di ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ ìjọba ti kéde ṣáájú pé òun máa ti dọ́kìyáàdì náà pa!

Singapore ló wá yẹ ká fi kọ́gbọ́n jù. Gẹ̀ẹ́sì ṣí àgbẹ̀dẹ ọkọ̀ ńlá síbẹ̀ ní 1938. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, Jàpáànù gba ìlú náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí, Gẹ̀ẹ́sì padà, ṣùgbọ́n ní 1968 ó gbé dọ́kìyáàdì náà lé ìjọba Singapore lọ́wọ́. Wọn kò jẹ́ kó dípẹtà. Wọ́n sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ Sembawang, níbi tí ọkọ̀ gbogbo ayé ti ń wá san owó àtúnṣe.

Àwa ńkọ́? Ọdún 1956 ni a dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi tiwa sílẹ̀. Hamburg ní Jámánì ni wọ́n ti kan Aradu, àgbà ọkọ̀ ogun wa, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà ní ìso bí ewúrẹ́ iléyá. A kò ṣíwọ́ rírà: Lana wá láti Faransé ní 2021, Kada wá láti Sharjah ní ilẹ̀ Lárúbáwá ní 2022. Aṣọ àgbàwọ̀ kì í yẹ ni. Bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe é. Dọ́kìyáàdì nẹ́fì wà ní Victoria Island láti 1990. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti kan Andoni, tó wọṣẹ́ ní 2012, Karaduwa ní 2016, àti Oji ní 2021. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rá bàbà, bí a bá fún un lóúnjẹ, yóò rìn.

Ẹ bi àwọn àgbà Ifọ. Ojú irin ti gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kó tó dé Ìbàdàn ní 1901. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń kó ẹ́ńjìnnì rélùwéè wá, ṣùgbọ́n ní Lókó, ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ọmọ wa ló sì ń fi ọwọ́ tirẹ̀ tú u, tó ń tò ó. Kí ló dé tí ohun tó ṣeé ṣe lórí irin kò fi ní í ṣeé ṣe lórí omi?

Mo mọ èsì àwọn kan: "Ohun tí ìjọba bá fọwọ́ kàn, jíjí ni wọ́n ń jí i kó." N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé olè kì í bá wa dé ibi tí a ti ń ra ọkọ̀ lókè òkun ni? Owó tí wọ́n jí ní Èkó, a ṣì lè rí ibi tó gbà. Owó tó ti sọdá òkun, ta ni yóò lọ béèrè rẹ̀?

Ní àdúgbò mi ní Mowe, ọmọkùnrin wẹ́dà kan wà tó ń kan géètì. Irin tó bá jó, ẹ kò ní í mọ ojú ibi tó ti so pọ̀. Ó ti ń tọ́jú owó pásípọ́ọ̀tù báyìí. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún ń wá wẹ́dà." Ẹ gbọ́ o! A ó kó owó fún òyìnbó kó bá wa kan ọkọ̀, a ó tún kó ọmọ fún un kó fi kàn án!

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí ìjọba má ṣe ra ọkọ̀ kankan mọ́ láìsí àdéhùn pé Èkó la ó ti máa tún un ṣe, àti pé ẹni tó tà á yóò kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ rẹ̀. Kí dọ́kìyáàdì gba àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì láti ìlú bíi tiwa, kó sì fún wọn níwèé ẹ̀rí. Kí a máa gbọ́ lọ́dọọdún iye ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe àti iye owó tó jẹ.

Bàbá Ibafo, bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ìdáhùn mi nìyẹn. Owó yín ló ra àwọn ọkọ̀ náà, ọmọ yín ló sì yẹ kó máa tún wọn ṣe. Ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.