Yìnyín Chicago, Ẹrọ̀fọ̀ Alímọ̀ṣọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nígbà tí òjò ṣì wà lókè. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti délẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́ wa yìí, omi a máa ṣa ẹni tí yóò bá jà. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òkè yóò ti gbàgbé òjò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò máa fi abọ́ gbọ́n omi jáde kúrò ní pálọ̀, tí yóò gbé ọmọ rẹ̀ lé orí tábìlì kí ó tó lè gbá ilẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwòrán tí àwọn ẹbí wa ní òkè òkun máa ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn. Yìnyín á bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo àdúgbò á funfun báláú, ọmọ Ìbàdàn á wọ kóòtù nípọn, á di ṣọ́bìrì mú bí ẹni tí ó ń lọ po kọnkéré. A ó rẹ́rìn-ín, a ó kí wọn kú ìfaradà, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ọmọ ìyá ni ìṣòro wọn àti tiwa: ohun kan ti òkè wá, ó dí ọ̀nà, ta ni yóò kó o, ibo ni yóò sì kó o lọ?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé yìnyín ń bọ̀, ọkọ̀ ńláńlá á jáde láti wọ́n iyọ̀ sójú títì. Omi iyọ̀ kì í tètè dì bí omi lásán, nítorí náà yìnyín kò ní ráyè lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tí wọ́n de irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ níwájú á máa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn títì ńlá tí ọkọ̀ aláìsàn àti ti panápaná ń gbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣí. Ní New York, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kó ìdọ̀tí ìlú náà ni wọ́n ń kó yìnyín. Ọkọ̀ ìdọ̀tí gan-an ni wọ́n ń de irin mọ́.

Ìjọba nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ o. Òfin New York sọ pé iwájú ilé onílé, níbi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ọwọ́ onílé ló wà. Bí yìnyín bá dáwọ́ dúró ní ọ̀sán, wákàtí 4 péré ni wọ́n fún un láti gbá a mọ́. Òfin náà kò sì gbà á láyè láti gbá a padà sí ojú títì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìjọba tí ó bá sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979, yìnyín ńlá kan bo Chicago. Ọ̀nà dí, ọkọ̀ ojú irin kò rìn dáadáa, inú àwọn ará ìlú sì ru. Ní oṣù kejì, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democratic, wọ́n yọ Michael Bilandic tí ó jẹ́ olórí ìlú, wọ́n sì fa Jane Byrne kalẹ̀. Òun ni ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò ṣe olórí ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé yìnyín ni ó gba àga lọ́wọ́ Bilandic.

Ó wá ku tiwa. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹni tí ó bá ń ti Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìyànà-Ìpájà yóò rí àwọn agbálẹ̀ LAWMA lójú títì, tí ìgbálẹ̀ wọn ń dún ṣáṣá. Ìjọba Èkó ní àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tí ń kó ẹrọ̀fọ̀ inú gọ́tà, àwọn tí a mọ̀ sí EFAG. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yà kúrò lójú títì wọ inú àdúgbò ní Ìkọ̀tún tàbí Ìgàndò, àwa fúnra wa ni agbálẹ̀, àwa náà ni EFAG. Níbẹ̀ ni iyanrìn ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà ti ń ṣàn sínú gọ́tà, tí ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti èèpo ẹ̀gẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ọn, títí yóò fi le gbagidi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fúlẹ́fúlẹ́ funfun tí a fi ń ta oúnjẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè gbẹ́ gọ́tà.

Àwọn àgbà rántí ìmọ́tótó Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Nígbà ìjọba ológun Bùhárí ni ó gbilẹ̀. Láti aago 7 sí aago 10, kò sí ọkọ̀, kò sí ẹlẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ sọ pé kò bófin mu láti sé àwọn ènìyàn mọ́lé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ìjọba Èkó fòpin sí ìséde náà. Èmi kò bá ilé ẹjọ́ jà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ dúró de aago 10. Àmọ́ a so iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìséde, bí ìséde ṣe lọ, iṣẹ́ náà bá a lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí onílé òkè àti onílé ìsàlẹ̀ jọ ń di ọkọ́ mú, a pàdánù rẹ̀ nígbà náà.

Ní àdúgbò wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, ìjà tí ó máa ń wáyé ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni pé onílé ní ayálégbé ni kí ó gbẹ́ gọ́tà, ayálégbé ní òun kò kọ́lé. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán pàápàá, ètí gọ́tà ni wọ́n ń kó ẹrọ̀fọ̀ náà sí pé kí ó gbẹ. Òjò ọ̀sán kan ṣoṣo ni yóò gbá a padà wọlé. Mo kí ìyá kan tí ó ń dín àkàrà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú òjò.” Ó dá mi lóhùn pé, “Ọmọ mi, kì í ṣe òjò ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lókè ni mò ń fi ọwọ́ mi kó níbí.” Ìdí nìyí tí òfin New York fi wù mí: wọn kò gbà kí ènìyàn kó ìyọnu iwájú ilé rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé pe ìpàdé kí òjò tó fìdí múlẹ̀, kí wọ́n pe ayálégbé sí i. Kí a má gbẹ́ gọ́tà kankan láìjẹ́ pé a ti dá owó bárò tàbí ọkọ̀ tí yóò kó ẹrọ̀fọ̀ náà lọ lọ́jọ́ kan náà. Kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà jáde kí a tó tú ti òkè sílẹ̀. Èyí tí ó bá ju agbára wa lọ, àwọn odò àti gọ́tà ńlá, kí a kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ wa, kí a sì rántí èsì wọn bí ìdìbò bá dé.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹ bá ará ilé yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí òjò ọdún yìí tù wá lára, kí ó má ṣe wọlé tọ̀ wá. Ó dìgbà o.