Fífo Ọ̀rọ̀ Dá Kì í Ṣe Ọgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Nìkan

Ó ti di àṣà fún àwọn kan láàárín wa ní Sabon Gari, Kánò, láti máa sọ pé àwítúnwí ti pọ̀ jù nínú èdè Yorùbá. Ẹ̀rí wọn ni pé Gẹ̀ẹ́sì a máa fo ọ̀rọ̀ dá níbi tí Yorùbá kò ti lè fò ó. A kò gbà fún wọn.

Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì gbà kí a sọ pé “Ade bought yams, and Bola beans”. Ọ̀rọ̀-ìṣe fara sin nínú apá kejì, síbẹ̀ ó yé olùgbọ́. John Robert Ross kọ̀wé lórí irú àlàfo yìí ní ọdún 1970. Halliday àti Hasan náà kà á mọ́ ohun márùn-ún tí ó ń so ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú ìwé wọn ti ọdún 1976. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé “Adé ra iṣu, Bọ́lá ẹ̀wà” kò sọ Yorùbá. “Bọ́lá sì ra ẹ̀wà” ni òfin èdè wa ń fẹ́. Bákan náà, “can” lè parí gbólóhùn nínú “Ade can cook, and Bola can too”. “Lè” tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wá wo apá kejì. À ń sọ pé “Kò wá” àti “Yóò wá” láìsí arọ́pò-orúkọ ní ipò olùwà. Kí Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú rẹ̀ wò! Bí a bá ra iṣu tán ní ọjà Sabon Gari, “Ẹ̀wà ńkọ́?” ti tó láti bèèrè bóyá ó wà àti iye tí ó jẹ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sì ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí: ta ni nínú yín tí ó ń retí kí n parí òwe náà?

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Sabon Gari ń gbọ́ Haúsá ní ìgboro, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé. Bí olùkọ́ tí ó ti ọwọ́ wa jáde bá tún fi bírò pupa fagi lé “ra” kejì nínú àròkọ rẹ̀, yóò gbà pé èdè ìyá òun ni ó ní àbùkù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a máa kọ́ òfin èdè méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a má sì ṣe fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì mọ́.