Ṣé Ó Yẹ Kí A Fi Orúkọ Ìlú Pe Àrùn?

  A bẹ Ọlọ́hun Ọba kí ó má jẹ́ kí àìsàn mọ ilé wa, àmín.

Ọ̀rọ̀ àìsàn gan-an ni a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni a máa yẹ̀ wò jù. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá ń ṣọ́ra tó báyìí lórí orúkọ ọmọ, kí ló dé tí a kì í ṣọ́ra nígbà tí a bá ń sọ àrùn lórúkọ? Bí a bá fi orúkọ ìlú kan pe àrùn, ṣé ìyẹn kò ní í mú kí àwọn ẹlòmíràn kórìíra ará ìlú náà, kí wọ́n sì máa sá fún gbogbo ẹ̀yà rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Borno tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lassa. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì ọmọ Amẹ́ríkà kan, Laura Wine, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì níbẹ̀, dùbúlẹ̀ àìsàn. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló sì kú sí. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó àìsàn náà, òun náà kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé dé New York, Ọlọ́hun sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ rí kòkòrò àrùn yìí, orúkọ ìlú Lassa ni wọ́n fún un. Lóòótọ́, ibẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ ti kó o. Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn dókítà kọ́kọ́ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó pè é ní ibà Amẹ́ríkà.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 1976, àrùn mìíràn tó burú ju ìyẹn lọ bẹ́ sílẹ̀ ní Yambuku, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kóńgò lónìí. Peter Piot, ọmọ ilẹ̀ Belgium, wà nínú àwọn onímọ̀ tó lọ síbẹ̀, òun ló sì ròyìn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnì kan nínú wọn ní kí wọ́n pè é ní Yambuku. Ẹlòmíràn ní rárá o, pé ẹ rántí Lassa, pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti fi àbùkù kan ìlú náà. Ni wọ́n bá wo máàpù, wọ́n sì mú orúkọ odò kan, Ebola. Odò náà kì í tilẹ̀ ṣe èyí tó sún mọ́ Yambuku jù. Ẹ ò rí i pé ìtìjú tó bá Lassa ni ó gba Yambuku sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé orúkọ odò náà gba gbogbo wa? Ní oṣù keje ọdún 2014, Ebola wọ Èkó. Ogún ènìyàn ni ó mú, mẹ́jọ kú nínú wọn. Àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìlera wa sa ipá wọn, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Nínú oṣù kan náà ni ìròyìn jáde pé kọ́lẹ́jì kan ní Texas kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń wá àyè ẹ̀kọ́, pé àwọn kò ní í gba akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ tí Ebola wà. Bẹ́ẹ̀ ni ní Dallas, ní Texas yẹn náà, ẹni kan ti kú nípa Ebola níbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ̀ kò ṣàìsàn, ibi tí wọ́n ti wá ni wọ́n fi dá wọn lẹ́jọ́.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ fún àwọn onímọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ìlú, ti ènìyàn, ti ẹranko tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́ kan pe àrùn tuntun mọ́, kí wọ́n sọ ohun tí àrùn náà ń ṣe sí ara. Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ọgbọ́n yìí jẹ́ tuntun sí wa? Kí ni àwọn baba wa pe àrùn tó ń mú ènìyàn bì, tó sì ń mú un ya ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Onígbáméjì ni. Kí ni wọ́n pe èyí tó ń gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọdé? Arọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ni. Bí o bá gbọ́ orúkọ náà, o ti mọ ohun tí o máa ṣọ́ lára ọmọ rẹ, kò sì sí ìlú tí ojú tì.

Nítorí ìmọ̀ràn ọdún 2015 náà ni wọ́n ṣe pe àrùn kòrónà ní COVID-19 ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2020. Síbẹ̀, nígbà tó di oṣù kẹta, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Donald Trump, ń pè é ní kòkòrò àrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ń tutọ́ sí àwọn ọmọ Ṣáínà lára lójú títì, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n sì ń lu ọmọ Kòríà àti ọmọ Philippines mọ́ wọn, nítorí pé ojú wọn jọra. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 wọ́n ní láti ṣe òfin kan ní Amẹ́ríkà nítorí irú ìwà ìkórìíra bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀ o. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ní ìlú Guangzhou ní Ṣáínà, wọ́n lé àwọn ènìyàn dúdú jáde nínú ilé tí wọ́n ti san owó rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Hòtẹ́ẹ̀lì kò gbà wọ́n, ilé oúnjẹ kò gbà wọ́n, àwọn kan sun ojú títì. Wọ́n ní àwọn ni wọ́n ń gbé kòrónà kiri. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa nígbà náà, pe aṣojú ìjọba Ṣáínà, ó sì bi í léèrè. Ẹ̀yà tí wọ́n ń fi kòrónà bú lókè òkun ni ó yíjú padà, tó sì fi bú tiwa. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ló ni ìwà yìí.

Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ kì í pa ènìyàn. Wọ́n ní ọdún 1967 ni àrùn kan gba orúkọ ìlú Marburg ní Jámánì, kò sì sí ẹni tó ń sá fún ará Jámánì. Wọ́n tún lè rán wa létí àjàkálẹ̀ Amwas tó jà ní ilẹ̀ Ṣáámù ní ọdún 18 Híjírà, èyí tó pa àwọn Sàhábà ńlá bíi Abu Ubaydah àti Mu'adh bin Jabal. Orúkọ ìlú kan ní Palẹsínì ni Amwas, títí di òní ni ìtàn sì ń pe àjàkálẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi bú ará ibẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ẹni tó ń pe Amwas ń rántí àwọn olólùfẹ́ tó kú, kò ka ará ibẹ̀ sí àjèjì. Jámánì ní owó, ó ní agbára, kò sí ẹni tó lè fi orúkọ àrùn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ibi tí orúkọ ti ń dun ni ni ibi tí a ti fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn ènìyàn náà tẹ́lẹ̀. Orúkọ kò dá ìkórìíra sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìkórìíra bá ti wà nínú ọkàn, orúkọ náà yóò fún un ní ohun tí yóò máa wí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Ọlọ́hun fi kọ̀ fún wa nínú Súrátù Hujuráàtì láti máa fi ìnagijẹ burúkú pe ara wa.

Ewu kejì wà níbẹ̀ tí ó kan ilé ìdáná wa. Nítorí pé Borno ni Lassa wà, ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àrùn àwọn ará òkè Ọya ni ibà náà. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Edo wà nínú àwọn ibi tó ti ń mú ènìyàn jù lọ lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní in. Eku ni ó ń gbé e kiri, kì í ṣe ẹ̀yà kankan. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ ni ó ń kó o ran ènìyàn, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn lè kó o ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bíi mẹ́jọ ni kò ní í mọ̀, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n díẹ̀. Àwọn tó kù lè ṣàìsàn púpọ̀, àwọn kan a sì di adití lẹ́yìn tí ara wọn bá yá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe sá gàárì tàbí èlùbọ́ sí ẹ̀bá títì mọ́. Ẹ kó oúnjẹ sínú ohun tó ní ìdérí, ẹ dí ihò eku, ẹ kó pàǹtí jìnnà sí ilé. Bí ibà ẹnìkan nínú ilé kò bá lọ lẹ́yìn oògùn ibà, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ìtọ́jú a máa ṣe ìrànlọ́wọ́ bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe fi ẹni tó ti ṣe é rí ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé a ó fi orúkọ àrùn pe òun títí ayé kì í tètè sọ pé ara òun kò dá, kí ó tó sọ ọ́, ó ti ran ará ilé.

Ẹ̀yin òbí, ẹnu wa ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí àjèjì ní ọjà, tí ẹ sì sọ pé àwọn elérùn lágbájá ló ń bọ̀ yẹn, ọmọ tó wà lẹ́yìn yín ti gbọ́, yóò sì lọ wí i ní ilé ìwé fún ọmọ ẹlòmíràn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹ sọ fún un pé eku ni a ń sá fún, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì kí àjèjì náà.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa, kí ó sì fi àlùbáríkà sí ìlera wa.