Wákàtí Kan Péré

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọ kan tó jáde ní pólì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìlaròó ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ti kọ ìwé ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó, ó ti gbọ́ "a ó pè ọ́" títí ó fi sú u. Ní báyìí, ọjọ́ ọjà nìkan ni ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò máa ń yá a ní ọ̀kadà. Ó gbé èrò méjì lọ sí Owódé, ó gbé ẹyọ kan bọ̀. Nígbà tó ra epo tán, tó fún ẹni tó ni ọ̀kadà ní tirẹ̀, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ alẹ́ lọ. Ó tún di ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, títí ọjà mìíràn yóò fi ná.

Bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ka àwọn tó níṣẹ́ àti àwọn tí kò ní bá yà sílé wọn lọ́sẹ̀ náà, ohun tí yóò kọ sílẹ̀ ni pé ọmọ yìí ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

A kò ṣe àwàdà. Ní ọdún 2023 ni àjọ NBS, tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ìṣirò, yí òṣùwọ̀n tó fi ń mọ aláìríṣẹ́ padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń pè é. Òṣùwọ̀n tuntun sọ ọ́ di wákàtí kan péré. Bí iye àwọn aláìríṣẹ́ ní Nàìjíríà ṣe já láti ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọdún 2020 wá sí ìdá 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nìyẹn. Ẹni tó bá ń wá ilé iṣẹ́ tuntun tó gba gbogbo àwọn ènìyàn náà, kó má da ara rẹ̀ láàmú.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní èsì tiwọn, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí àjọ ILO, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, ṣe ní kí gbogbo ayé máa kà á nìyẹn, àti pé nílẹ̀ tí ìjọba kì í ti í fún aláìríṣẹ́ ní kọ́bọ̀, ta ni yóò jókòó lásán? Òótọ́ ni. Ìwé kan náà tó gbé ìdá 4.1 yìí jáde ló sọ pé ìdá 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ tí òfin òṣìṣẹ́ kò dé: iṣẹ́ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹni tó bá ṣàìsàn níbẹ̀ kò ní rí owó ọjọ́ náà gbà. Ibẹ̀ ni ìtàn Yewa, ilẹ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìdá 4.1 ni wọ́n kà sí wa létí.

Lójú tiwa, bí a bá yọ oko kúrò, kò sí agbanisíṣẹ́ ní ilẹ̀ Yewa tó tó ẹnubodè àwa àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kì í san owó oṣù, kì í fúnni ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ọlọ́kadà, alábàárù, oníṣẹ́ẹ̀ǹjì, olóúnjẹ etí títì àti ìyá tó ń kó gàrí lọ, tó ń kó òróró bọ̀. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà tó dá a sílẹ̀. Kétu bọ́ sí ọ̀hún, Ìmẹ̀kọ wà níhìn-ín; Ìfọ̀nyìn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó gbé àpò gàrí láti Òkè-Ọ̀dàn lọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ ní Ṣàkẹ́tẹ́ kò mọ̀ pé òun ń bá ilẹ̀ òkèèrè dòwò pọ̀, àyàfi bí àwọn aṣọ́bodè bá rán an létí.

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀. Ìrẹsì ni wọ́n ní àwọn ń lé, àti ohun ìjà, àti epo tó ń jò jáde. Nígbà tí Ààrẹ Buhari pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí wọ́n ṣí mẹ́rin, Sẹ́mẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdírókò, ẹnubodè tiwa, kò sí níbẹ̀. Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2022 kí ó tó kan Ìdírókò. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n tì í ti ń sáré kiri àgbàlá kí wọ́n tó ṣí i.

Èyí tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ti epo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè kéde pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tí kò bá tó ogún kìlómítà sí ẹnubodè. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ wa, kí ẹ wọn ogún kìlómítà: ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú rẹ̀ tán, Ìmẹ̀kọ ìlú wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ abúlé Yewa Àríwá náà wà níbẹ̀. Onífàyàwọ́ ni wọ́n ń lé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bá. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá hú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá tètè bó o, kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, ó di dúdú láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Obìnrin tó ti san owó fún àwọn tó hú ẹ̀gẹ́ àti ọkọ̀ tó kó o wálé wá ń ra epo lọ́wọ́ àwọn tó ń rọ ọ́ sínú ike létí títì, ní iye tó bá wù wọ́n. Èrè rẹ̀ ti lọ kó tó dáná sábẹ́ agbada.

A kò gbèjà fàyàwọ́. A mọ eré àsápajúdé tí àwọn awakọ̀ ìrẹsì ń sá lójú ọ̀nà Owódé, a sì mọ ẹ̀mí tó ti ṣòfò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹ́ òwò kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn fàyàwọ́ epo, lápá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Jálá epo tí kò tó ₦200 di ohun tó lé ní ₦480 lọ́sẹ̀ náà gan-an. Kò sí èrè gidi mọ́ nígbà náà nínú kí ènìyàn gba inú igbó gbé epo kọjá. Ó dára fún àpò ìjọba. Àwọn ọmọ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Wọn kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ náà, wọn kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni náírà já wálẹ̀. Àwọn ọlọ́jà láti Àjàṣẹ́ àti Pọ́bẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ kó sẹ́fà, owó tiwọn, dé, ọjà wa sì rọrùn lójú wọn. Ìyá tó ń yan gàrí rẹ́rìn-ín, tíṣà tó ń ra gàrí náà ní Ayétòrò fọwọ́ lérán. Ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló ń ra òróró, oògùn àti ìwé ọmọ. Èrín rẹ̀ kò pẹ́.

Nígbà tí NBS gbé ìwé rẹ̀ lórí òṣì jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n kà sí tálákà. Ti Sókótó jẹ́ 87.7. Ti Ògùn jẹ́ 9.3 péré, a sì yọ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 sí oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n fi béèrè ọ̀rọ̀ káàkiri. Nígbà tí wọ́n ń kógbá wọlé, ẹnubodè kò tíì tì ju oṣù méjì lọ. Bákan náà, ilé iṣẹ́ Ọ̀tà, Àgbárá àti Ṣágámù ló wà lẹ́yìn nọ́ńbà Ògùn. Ẹni tó ń gbé Ìjoun ní ilẹ̀ Yewa kò jẹ nínú rẹ̀.

Ìlà tí wọ́n fà, tí ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ fi jẹ́ tálákà, jẹ́ ₦137,430 lọ́dún fún ẹnì kan. Ó dín díẹ̀ sí ₦377 lójúmọ́. Owó oṣù tó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ ₦30,000. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń fi í bọ́ ara rẹ̀, aya àti ọmọ méjì, ₦7,500 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ìlà náà sì wà ní nǹkan bí ₦11,450. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó tí òfin là sílẹ̀ nìyẹn o, pé pérépéré. Kí la ó wá sọ nípa ẹni tí òfin kò mọ̀? Owó náà ti di ₦77,000 ní Ògùn báyìí. Ọlọ́kadà wa kò sí lára àwọn tí wọ́n fi kún owó fún.

Àwọn kan yóò ní Ìbẹsè ńkọ́. Òótọ́ ni, láti ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, agbára rẹ̀ sì ti dé tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù méjìlá lọ́dún. Òkúta Yewa Àríwá ni wọ́n ń lọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń wa òkúta, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ló ń sun ún. Àpò sìmẹ́ńtì kan kò gba ọwọ́ ènìyàn tó àpò gàrí kan. Ẹ má jẹ́ kí tírélà tó ń kọjá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé tàn wá láti rò pé abúlé ti là.

Oko náà kò sì sinmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran gbóná, àwọn ará abúlé kan ní Yewa Àríwá sá sọdá sí Bẹ̀nẹ̀. Ẹnubodè tí wọ́n tì mọ́ gàrí ni wọ́n fẹsẹ̀ sá kọjá.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ kò ju pé láti ọdún 1976 tí wọ́n ti dá Ògùn sílẹ̀ títí dé ìdìbò 2023, Yewa kò tíì mú gómìnà jáde. Àríyànjiyàn yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Gómìnà tó bá wá láti Ìlaròó pàápàá, kí ni yóò fi mọ iye aláìríṣẹ́ tó wà ní Ìmẹ̀kọ? Ọdún 2006 la ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. 181,826 ni wọ́n sọ pé ó ń gbé Yewa Àríwá. Ọmọ ọwọ́ ìgbà náà ti ń wáṣẹ́ báyìí.

Ohun méjì la ń béèrè. Àkọ́kọ́, kí ìjọba ìpínlẹ̀ bá NBS sọ ọ́, kí wọ́n máa ka iṣẹ́, owó ilé àti òṣì ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kò yẹ kí alága kankan tún fi "owó kò dé" ṣe àwáwí lórí ìṣirò yìí.

Èkejì, láti ọdún 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti fẹnu kò pé kí ọjà oko àti iṣẹ́ ọwọ́ máa kọjá láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀ láìsan owó ibodè. Kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní èdè Yorùbá, kí wọ́n gbé e kọ́ sí Ìdírókò àti sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà náà: ohun tí ìyá kan lè gbé kọjá, àti iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ ìṣirò bá sì tún yà sílé ọmọ wa ní Ìlaròó, kó má fi í mọ sórí bóyá ó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kó bi í léèrè iye wákàtí tó fi ṣe é, èló ló pa, àti èló ló kù nígbà tó dá ọ̀kadà padà.